Iye Ìdí-Igbá

Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀
ní kóòtù gíga Òmù-Àrán.
Mo ti túmọ̀ èébú fún adájọ́ láì rẹ́rìn-ín,
mo ti túmọ̀ ẹkún.
Ẹjọ́ ilẹ̀ Ìdí-Igbá nìkan ló fẹ́ dí mi lọ́fun.

Ìjọba gba ilẹ̀, ó ń wá iye tí yóò san.
Ọ̀gbẹ́ni Káwu, amòye ìjọba láti Ìlọrin,
to ìwé-ẹ̀rí mẹ́fà síwájú ara rẹ̀,
ó ní hẹ́kítà méjìlá náà, kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀.
Mo tú u: ilẹ̀ òfìfo ni.
Màmá Oyènẹ́yìn dìde lórí bẹ́ǹṣì:
"Kí ló ń jẹ́ òfìfo?
Igi òrí mẹ́tàdínlógún ń bẹ níbẹ̀,
ìyá ọkọ mi sì sùn sábẹ́ èyí tó tẹ̀."
Mo tú ti igi.
Kí n tó dé orí ìyá ọkọ,
lọ́yà ìjọba ti ní kí n dákẹ́.

Mílíọ̀nù mẹ́rin, Káwu wí.
Ó fi ilẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti tà nítòsí wọ̀n ọ́n.
Ajíbóyè, lọ́yà ìdílé, ọmọ kékeré tí aṣọ dúdú rẹ̀
ṣì ń rùn bí aṣọ ìsọ̀, bi í pé:
"Ọdún wo ni wọ́n tà wọ́n?"
Méjì, ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ọ̀kan, èṣí.
"Ọ̀dà ti dé ibẹ̀ lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn?"
Rárá.
"Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí?"
Káwu mu omi.
"Mo wò ó láti inú ọkọ̀."

Ó wá kan Ọláòṣebìkan, amòye tiwa,
àbí kí n sọ pé tiwọn; ògbufọ̀ kò ní ti ẹnì kan.
Ó tẹ́ àwòrán: ọgọ́ta ilé, òpópónà mẹ́rin,
ó ta gbogbo wọn lórí ìwé,
ó yọ owó sìmẹ́ńtì, ó yọ owó káfíńtà,
ó ní èyí tó ṣẹ́kù ni iye ilẹ̀:
àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù.
Adájọ́ sọ gègé kalẹ̀.
"Ta ló fọwọ́ sí àwòrán yìí?"
Kò tíì sí.
"Iná ńkọ́?"
Ó ń bọ̀.
"Ta ló sọ fún ọ?"
Ó wo ìdílé.
"Èló ni tìrẹ tí mo bá gbà pé àádọ́rùn-ún ni?"
Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo tú u jẹ́jẹ́. Màmá Oyènẹ́yìn mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, adájọ́ ní kí gbogbo wa lọ wò ó.
Oṣù kẹjọ ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú.
Obìnrin náà ká aṣọ rẹ̀ sókè, eèmọ́ lẹ̀ ẹ́ káàkiri,
a rìn títí a fi kan odò
tó la ilẹ̀ náà já, tó ń hó.
"Èwo nínú ìwé yín ni odò yìí wà?"
Amòye méjèèjì wo bàtà ara wọn.

Nígbà tó dájọ́, kò pín in ní dọ́gba.
Ó ní àárín irọ́ méjì kì í ṣe òótọ́.
Ó ní amòye ń yá kóòtù ní ojú ni,
kò gba ojú kóòtù lọ.
Ilẹ̀ tí wọ́n tà ní èṣí nìkan ló mú lọ́wọ́ Káwu,
ó fi ọ̀dà kún un, ó yọ ibi tí odò ń gbé mì,
ó ka igi òrí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ní ti ọgọ́ta ilé, ó ní
ẹnikẹ́ni kì í gba owó ilé nínú pẹ́ńsùlù.
Mílíọ̀nù mọ́kànlélógún, àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó.

Màmá fà mí láṣọ lẹ́nu ọ̀nà:
"Ṣé ó ka ìyá ọkọ mi mọ́ ọn?"
Mo ṣí ìwé, mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀.
"Màmá, wọ́n ka igi tó tẹ̀ náà."
Ó ní èló ni wọ́n kà á sí.
Mo sọ fún un.
Ó rò ó díẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.